Àmì Tí Kò Sí Ní Òpin Ọ̀nà

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ẹgbẹ́ Síkáòtù wa kì í sinmi ní ọjọ́ Sátidé. A ó kó ṣọ́bìrì àti bárò, a ó kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà ní Ṣómólú, a ó bá àwọn arúgbó tí kò ní ẹnìkan pọn omi, a ó gbálẹ̀ títí dé ẹ̀yìn Onípanu. Ìparí oṣù ni ti kámpù. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún báyìí. Ìyàwó mi kò ní ipò kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń fa ọ̀nà.

Ẹni tó bá ń fa ọ̀nà á ṣáájú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, á máa ya ọfà sára kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà, sára ògiri, sára òpó iná, kí àwọn ọmọ lè tọ ọfà náà dé kámpù. Níbi tí ọ̀nà bá parí sí, á ya òbìrípo kan, á gbé òkúta kékeré sí àárín rẹ̀. Ìtumọ̀ àmì yẹn láàárín àwa Síkáòtù ni pé: mo ti lọ sílé. Ẹni tó fa ọ̀nà ló ń parí rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, olórí ẹgbẹ́ á bá a ṣe é. Òfin tiwa ni pé a kì í tú ká bí ọ̀nà kò bá tíì parí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyàwó mi. Apá òsì ọfà rẹ̀ máa ń gùn ju ti ọ̀tún lọ, bí ẹni tó ń tiro. Àwọn ọmọ, tí wọ́n ń pè é ní Màámi Ṣọ́ọ̀kì, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọfà rẹ̀ ti rọ lẹ́sẹ̀. Á ní kí wọ́n ṣáà máa tẹ̀ lé arọ náà, ó mọ̀nà jù wọ́n lọ.

Ní oṣù kẹwàá èṣí, ó fa ọ̀nà láti ẹnu ilé wa, ó gba iwájú àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kọjá, ó wọ Bàríga, ó dorí kọ Ìlàjẹ, létí ọ̀sà, níbi tí a ti fẹ́ pàgọ́ sínú ọgbà ilé ìwé kan. Kò dé ibẹ̀. Obìnrin kan tó ń yan ẹja ló rí i tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta, ó dágbére fáyé. Kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀nà. Òjò fọ àwọn ọfà náà dànù, mo sì rò pé ó tán.

Lọ́dún yìí mo ní Ọbaníkòró ni a ó ti pàgọ́, àti pé kò sí fífa ọ̀nà mọ́. Àwọn ọmọ kò bi mí ní ìdí. Igbákejì mi, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, a ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà àdúgbò wa nígbà tí mo rí ọfà kan lára kọnkéré ẹnu ọ̀nà mi. Apá òsì gùn ju ọ̀tún. Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé ti èṣí ni. Nígbà náà ni mo rántí pé kọnkéré yẹn kò sí níbẹ̀ léṣìí. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá. Ìyàwó mi ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lórí ìlà náà. Mo fi bàtà nù ún.

Ní Sátidé kejì, ọfà ti dé iwájú àwọn ilé ìtẹ̀wé. Mo to àwọn ọmọ sí ìlà, mo yẹ ọwọ́ wọn wò. Ẹrẹ̀ dúdú ló kún un, kò sí funfun. Mo ní kí wọ́n na ìka mẹ́ta sókè kí wọ́n búra bí Síkáòtù, wọ́n sì búra pé àwọn kọ́. Kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan nínú wọn. Mo nu ìyẹn náà. Ní Sátidé kẹta, ó ti wọ Bàríga. Kì í yára. Ó ń lọ bí ìyàwó mi ti máa ń rìn, bí ẹni tó ń kí gbogbo ilé tó bá kọjá.

Ọjọ́ yẹn ni igbákejì mi fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fi bàtà nù wọ́n."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá òun ló ń yà wọ́n.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, tàdáwà ti wọ abẹ́ èékánná. "Èmi tí ọwọ́ mi kì í mọ́? Ṣọ́ọ̀kì wo ni màá mú tí kò ní dúdú?" Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ̀gbọ́n, láti èṣí, a ò tíì tú ká."

Òtítọ́ ni. A gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù, àwọn ọmọ sì fọ́n ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo jẹ́ olórí kò padà lọ bá a parí ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó kù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá ya òbìrípo yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ pé ó ti lọ sílé, ilé náà kì í sì í ṣe ilé wa. Bí n kò bá yà á, ọfà á ṣì máa wá. Kí n má parọ́, mo ti ń retí wọn.

Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan rò ó. Lẹ́yìn náà mo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kámpù ti padà sí Ìlàjẹ.

Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀. Èéfín ẹja bo àdúgbò náà funfun, a kò rí ọ̀sà, a kàn ń gbọ́ bí omi ti ń lu ìdí ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń tọ ọfà tuntun tó ti ṣáájú wa débẹ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja dá mi mọ̀. Ó kí mi, ó ní ara màmá ti yá nìyẹn, a dúpẹ́.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Wọ́n jókòó díẹ̀ síbi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí, wọ́n sì dìde."

N kò sọ fún un pé ó ti kú. N kò béèrè aṣọ tó wọ̀.

Ọfà kọjá ibi tí ó jókòó sí léṣìí. Ó gba ẹnu géètì ilé ìwé wọlé, ó lọ sí abẹ́ igi fúrúùtù, ó sì dúró níbẹ̀. Ẹ̀là ṣọ́ọ̀kì kan wà nílẹ̀, apá kan rẹ̀ ti kúrú ju èkejì lọ. Àwọn ọmọ yí mi ká. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un. Ọwọ́ òsì ni mo fi mú un, n kò mọ ìdí. Mo ya òbìrípo náà, ó wọ́. Mo wá òkúta, mo dì í mú pẹ́, títí igbákejì mi fi wúkọ́. Mo gbé e sí àárín.

Mo fun fèrè. Mo ní, "Kámpù èṣí, ẹ tú ká."

Àwọn ọmọ yí sí ọ̀tún, wọ́n kí mi, wọ́n sì fọ́n ká sínú èéfín, bàtà wọn ń dún lórí yanrìn. Lẹ́yìn tiwọn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tí kò yára, tó gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ sí ìhà omi. Igbákejì mi ti bọ́ fìlà rẹ̀. N kò wẹ̀yìn.

Kọnkéré ẹnu ọ̀nà mi kò ní àmì kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ṣì máa ń jáde lọ wò ó ní àràárọ̀, kí n tó mu tíì.