Tirela Pupa Tí Àdíját Yàn

Bí ẹ bá dé ọjà pákó ní Ìkọ̀tún tí ẹ béèrè Ìyá Hamdalah, wọ́n á júwe obìnrin gíga kan fún yín, tó máa ń fi tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n há ìdí ìró rẹ̀. Àdíját lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdé ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un wá sí Dopemu, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta pákó. Kó tó di ọmọge, bó bá gbóòórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó ti mọ̀ bóyá igi àfàrà ni tàbí arère. Ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹnu náà torí pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àwọn tó sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ìdí iṣẹ́ yìí náà ló ti pàdé Nùrẹ́nì. Nígbà yẹn, Nùrẹ́nì wà lára àwọn géńdé tó ń bá agbégilódò rìn, àwọn ọkùnrin tó ń fi okùn àti èjìká ti gẹdú gun ọkọ̀ nínú igbó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdíját lè rojọ́ láti àárọ̀, kí Nùrẹ́nì fi gbólóhùn kan péré dá a lóhùn, gbólóhùn náà á sì tó. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Hamdalah, wọ́n rí àyè kékeré kan gbà nínú ọjà. Nùrẹ́nì kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó wá di pé òun ló ń lọ kó igi wá láti igbó, ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á.

Ẹ̀yìn Nùrẹ́nì ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn. Gẹdú ò mọ ẹni tó ń darúgbó. Láàárọ̀ ọjọ́ míì, Àdíját ló máa ń fà á dìde lórí ẹní. Nígbà tí igi tún wá já bọ́ mọ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí ìka ọmọkùnrin náà sì rún, tọkọtaya fẹnu kò pé àwọn á ra tirela akógi, irú èyí tó ní ọwọ́ irin lẹ́yìn. Ọwọ́ náà máa ń la èékánná bíi ti akàn, á gbá gẹdú mú, á gbé e sókè, á sì tò ó sórí tirela, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi èjìká kàn án.

Irú rẹ̀ kan ti wà lọ́jà wọn. Alhaja Mubarakah, tó ń ta pákó ní òdìkejì, ló ni ín. Lọ́jọ́ tí tirela náà kọ́kọ́ dé Ìkọ̀tún, oníbàárà tó ń ná pákó lọ́wọ́ Àdíját fi í sílẹ̀, ó lọ wòran. Láti ọjọ́ náà, Àdíját ò ro tirela ní kékeré mọ́.

Ọgbà ẹ̀rọ tí wọ́n lọ wà ní ìpẹ̀kun Ayọ̀bọ̀, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ àti ilé tuntun ti jọ ń du ilẹ̀. Henry ló ni ọgbà náà. Ará Edo ni, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló ń tà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara. Tirela akógi méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kúrú, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, ọwọ́ irin rẹ̀ ò sì gùn. Èkejì pupa bí ata. Nígbà tí Henry na ọwọ́ tiẹ̀ sókè, ó ga ju òrùlé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ.

Òkè ni Àdíját ń wò. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́. Tirela kọ̀ọ̀kan ní jáàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa dojú dé bí ọwọ́ bá ń gbé igi. Ti aláwọ̀ ewé máa ń yà síta dáadáa, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì fẹ̀ bí ọpọ́n. Ti pupa tín-ín-rín, wọn ò sì jìnnà sí ara ọkọ̀. Nùrẹ́nì ní kí Henry fi tirela méjèèjì gbé gẹdú kan náà. Nígbà tó kan pupa, tí ọwọ́ rẹ̀ nà jáde tán, Nùrẹ́nì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó tẹjú mọ́ táyà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sọ ohun tó rí.

Ó padà wá. “Ìyá Hamdalah, èyí tó kéré yìí ni ká mú.”

“Kí la fẹ́ fi ṣe? Igi mélòó ló fẹ́ gbé?”

“Á gbé ìwọ̀nba. Àmọ́ á wọ ibi tí igi wà, á sì dúró lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ọ̀nà igbó ò dà bí títì Ìgàndó. Pupa yẹn wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fẹ̀.”

“Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó jókòó ṣe, ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ̀.”

Henry dá sí i. “Màdáàmù, òótọ́ wà nínú ohun tí Alhaji ń sọ o. Ilẹ̀ líle ni pupa dára fún, etí títì. Bó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀, ẹ máa ní láti fi pákó tó nípọn sábẹ́ jáàkì rẹ̀, ẹ ò sì ní na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà.”

Bóyá nítorí pé Henry náà gbè sẹ́yìn Nùrẹ́nì ni, bóyá nítorí tirela Alhaja Mubarakah tó ṣì ń jà lọ́kàn rẹ̀ ni, Àdíját ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹnu òun ló sọ ọ́.

“Ẹ má dá Bàbá Hamdalah lóhùn jàre. Ẹni tó ti ń fi èjìká ti igi láti kékeré, ibo ló ti fẹ́ mọ ẹ̀rọ tó dáa? Ohun tó bá ti kéré ló máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i kó lè dà bí àwàdà. Henry ò rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Ó dáa,” ó ní. “Èyí tó o bá fẹ́ ni ká mú.”

Tirela pupa wọ Ìkọ̀tún, ọjà sì dìde wò ó. Àdíját pín ohun mímu tútù fún àwọn aládùúgbò. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni. Etí títì ni igi tí wọ́n ń rà wà nígbà yẹn, lórí ilẹ̀ tó gan bí àpáta, tirela náà sì ṣe gudugudu méje. Ẹ̀yìn Nùrẹ́nì fúyẹ́ díẹ̀. Olúsànyà, tí wọ́n ti jọ ń ti gẹdú láti ìgbà èwe, máa ń jókòó sórí igi tí ẹ̀rọ bá tò, á ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lè rọrùn báyìí. Inú Àdíját dùn. Ó gbà pé òun ló jàre.

Òjò wá dé. Olúgbénga, tó ń kọ́ ilé sí Ayọ̀bọ̀, fẹ́ igi àfàrà fún òrùlé, Àdíját sì ti fọwọ́ sọ̀yà fún un. Inú igbó kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ni àfàrà náà wà, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nùrẹ́nì pè é láti ibẹ̀ ní òwúrọ̀.

“Ilẹ̀ ti rọ̀, Ìyá Hamdalah. Tirela ò lè sọ̀ kalẹ̀ débi tí igi wà. Ó dà bíi ká dúró kí òjò dá díẹ̀.”

“Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ò tó o ni?”

“Á tó o, bí mo bá nà án tán.”

“Ṣebí ìdí tá a fi ra ọlọ́wọ́ gígùn nìyẹn. Ẹ nà án jàre. Olúgbénga ti ń retí.”

“Ó dáa,” ó ní, ó sì pa fóònù.

Olúsànyà ló ròyìn ìyókù fún un. Wọ́n fi pákó sábẹ́ jáàkì bí Henry ṣe sọ. Àwọn igi tí wọ́n kọ́kọ́ fà sókè wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá ku ọ̀kan tó ti mu omi yó. Nùrẹ́nì na ọwọ́ irin dópin, èékánná gbá igi náà mú, igi kúrò nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni pákó abẹ́ jáàkì kán, tí ẹsẹ̀ irin sì wọ inú ẹrẹ̀. Tirela fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun ń kùn. Nùrẹ́nì fò kúrò lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, ọwọ́ irin náà sì wá bá a níbi tó ṣubú sí.

Nígbà tí Àdíját fi máa dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Nùrẹ́nì láti orúnkún. Ó la ojú, ó rí ìyàwó rẹ̀.

“Olúsànyà ńkọ́?” ó béèrè. “Ṣé kò fara pa?”

Àdíját ní kò fara pa. Nùrẹ́nì padà di ojú.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àwọn èèyàn wá kí wọn nílé ní Ìgàndó, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àdíját á ní Alhamdulillahi. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó ń retí ọjọ́ tí oúnjẹ á pẹ́ díẹ̀, tàbí tí igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, tí ìbínú á sì mú un sọ pé, “Ìwọ lo fà á.” Nùrẹ́nì ò sọ ọ́. Nígbà tí ojú egbò rẹ̀ jinná, ó padà sọ́jà, ó ń jókòó wọn pákó fún oníbàárà. Ó ń dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́ yìí gan-an ló sì ń gún Àdíját lọ́kàn.

Henry bá wọn tún tirela pupa ṣe, ó bá wọn tà á fún àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ líle. Aláwọ̀ ewé ti lọ tipẹ́. Àdíját rí i lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Pleasure, nígbà tó wà nínú kẹ̀kẹ́. Igi àfàrà ló dì, òjò ń rọ̀ sí i lára, ẹrẹ̀ igbó sì ṣì wà lára táyà rẹ̀. Ó wò ó títí tó fi yà lọ. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ bi í léèrè pé, “Màmá, ṣé kò sí o?” Ó ní kò sí, eruku ló kó sí òun lójú. Òjò sì ń rọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Miriam tó wá bá a. Miriam ń ta pákó ní Ìgàndó, kò sì tí ì pẹ́ nídìí gẹdú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wo tirela akógi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.” Àdíját fẹ́ kọ̀. Nígbà tó ronú sí i, ó tẹ̀lé e.

Ọgbà Henry náà ni wọ́n lọ. Miriam dúró, ó gbójú sókè, ó ń wo ọwọ́ irin. Àdíját wò ó níbi tó dúró sí, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

“Ta ló máa jókòó sórí rẹ̀?” ó béèrè.

“Raheem ni, dẹ́rẹ́bà mi.”

“Ibo ló wà?”

“Ó wà nílé. Kí ló fẹ́ wá ṣe níbí, ẹ̀gbọ́n?”

“Pè é. A ò ní yan nǹkan kan títí á fi dé.”

Raheem gun ọ̀kadà dé. Ó yí àwọn tirela náà po, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo jáàkì, ó ń bi Henry ní ìbéèrè. Ó pẹ́. Miriam mí kanlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àdíját di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í sílẹ̀ kó wò ó,” ó ní. “Bó bá sọ pé ẹ̀rù èyí ń ba òun, má rà á, kódà bó bá rẹwà bí ìyàwó tuntun.”

Èyí tí Raheem fẹ́ ni Miriam rà.

Nígbà tí Àdíját délé ní ìrọ̀lẹ́, Nùrẹ́nì wà lójúde, ó ń so rọ́bà tuntun mọ́ ìdí igi ìtìlẹ̀ rẹ̀. Àdíját ò tilẹ̀ bọ́ ìborùn.

“Bàbá Hamdalah, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lójú Henry.”

“Mo rántí ẹ̀.”

“Ẹ foríjì mí. Mi ò rí ẹnu bẹ̀ yín látọjọ́ yìí.”

Nùrẹ́nì gbé igi náà sílẹ̀. “Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ìwọ ò mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Henry na ọwọ́ pupa, mo rí i tí táyà ẹ̀gbẹ́ kejì kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ. Mo ní lọ́kàn mi pé kó o rà á, ọjọ́ tó bá kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni wàá mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan. Nígbà tó o ní kí n nà án lórí fóònù náà, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò ní gbà á. Ìbínú ni mo fi sọ pé ó dáa. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ni Olúsànyà dúró sí. Òun ni ì bá kú.”

Àdíját jókòó sórí àga ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí, ó ti rò pé òun nìkan ló ni àbámọ̀ náà.

“Ká ní ẹ sọ ọ́, ọ̀ràn táyà yẹn?”

“Ṣé wàá gbọ́?”

Ó rò ó dáadáa, torí kò fẹ́ parọ́. “Mi ò mọ̀,” ó ní.

Nùrẹ́nì mi orí. Hamdalah pè wọ́n wọlé wá jẹun.

Wọ́n ṣì ń ta pákó ní Ìkọ̀tún. Ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń bá wọn kó igi báyìí. Nùrẹ́nì ti ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; bí nǹkan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á sọ ọ́ tán. Àdíját náà ti kọ́ láti dákẹ́ gbọ́ ọ dópin. Ó máa ń rò ó nígbà míì, bí ọkọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lọ, pé bí àwọn bá ti ń ṣe báyìí nígbà yẹn, ẹsẹ̀ méjì ni ì bá fi dúró bá òun sọ ọ́.