Bọ́kẹ́ẹ̀tì Bíà Mi àti Màmá

Títí ayé mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí màmá mi rí bọ́kẹ́ẹ̀tì bíà mi.

N kò pọn bíà rí ṣáájú ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Àgbàdo ni mo fi pọn ọ́n, mo sì gbé e pamọ́ sí yàrá ìfọṣọ nílé wa ní Dacula, ní Amẹ́ríkà, torí díákónẹ́ẹ̀sì ni màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Ọkàn mi ò balẹ̀. Bíà náà kọ́kọ́ ń hó, ó wá dákẹ́. Ó ń rùn kíkan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé láti Marietta, yàrá ìfọṣọ ni mo gbà lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣófo, wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Màmá pè mí láti kíṣìnì. "Mo rí ògì tí o gbàgbé. Mo ti ro omi orí ẹ̀ kúrò, mo sì ti fi ìyókù po ẹ̀kọ fún ẹ."

Mo jókòó, mo ń mu ún. Ó korò bí ewúro. Màmá tẹjú mọ́ mi, n kò lè gbójú sókè.

"Ó korò, àbí? Omi ẹ̀ ló dùn. Mo mu ife kan, mo tún bu òmíràn. Irú oorun tí mo sùn lẹ́yìn ẹ̀, mi ò sùn ún rí láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà. Tún àgbàdo míì rẹ."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé bíà mi ò bàjẹ́. Ẹnu díákónẹ́ẹ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ.