Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Káríà

Àdín ni bàbá mi fi ń pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń lo àdín, ẹ mọ òórùn tí mò ń sọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kí ìrì tó gbẹ lórí koríko àgbàlá wa ní Kàbà, òórùn yẹn á ti kún ẹ̀yìnkùlé, á wọ yàrá, á sì jí mi lórí ẹní. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tún máa ń gbé e dé ilé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á fọwọ́ di imú, wọ́n á ní, "Dúpẹ́, ṣé gìrì tún gbé ẹ ni?" Torí àdín náà ni wọ́n fi ń pa ọmọ tí gìrì bá gbé lára nígbà yẹn. N kì í bínú. Gìrì kọ́ ló gbé mi, bàbá mi ni, àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko tiwọn.

Tíṣà ni bàbá mi láàárín ọ̀sẹ̀, Sátidé ló ń di àgbẹ̀. Oko rẹ̀ wà ní àfonífojì odò, nínú igbó tó wà lápá Bùnù. Yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀nà ibẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlú títí dé etí omi. Kẹ̀kẹ́ onírin dúdú kan ló ní, ó wúwo bíi pé ara ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti gé e. Èmi ń jókòó sórí irin ẹ̀yìn tí gbogbo wa ń pè ní káríà, àpò tí wọ́n ká sí abẹ́ ìdí mi ni tìmùtìmù. Ìyé, ìyá tó bí mi, kì í gun kẹ̀kẹ́. Ó ní òun kò lè jókòó sórí ohun tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Yóò parí iṣẹ́ àárọ̀ ilé ná, kó tó fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wa.

Tí a bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bàbá mi á kígbe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹsẹ̀!" Ìyẹn ni pé kí n ya ẹsẹ̀ méjèèjì síta kí wáyà àgbá kẹ̀kẹ́ má baà jẹ wọ́n. Òkúta á máa ta lábẹ́ táyà, eyín mi á máa gbá ara wọn. Mo máa ń la ẹnu sílẹ̀, màá máa ké "Aaaa," kí n lè gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n. Bàbá mi á ní, "Ìwọ àti agogo kẹ̀kẹ́ yìí, èwo ni kí n tú sọ nù nínú yín?" Lẹ́yìn náà ni igbó á gbà wá mọ́ra, afẹ́fẹ́ á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn olú àti ewé tó ń jẹrà á sì bo ti àdín mọ́lẹ̀.

Nínú igbó yẹn, kí a tó dé odò, oríta kan wà. Bàbá mi á dúró níbẹ̀, á fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, á ṣẹ́ ẹ̀ka eléwé tútù, á fi dí ẹnu ọ̀nà tí a kò ní gbà, á sì gbé òkúta lé e. Bí gbogbo àwọn olóko ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹni tó bá ṣáájú á fi ewé dí ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn á kó o kúrò kó má baà ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà yìí, ṣebí Ìyé mọ ọ̀nà oko. Ó ní, "Ó mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá rí ewé tútù, á mọ̀ pé a ti dé ibí láyọ̀." Tí Ìyé bá dé, ewé yẹn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró rẹ̀ níbi tó há a sí. Á ní, "Mo rí yín o."

Èmi fẹ́ wa kẹ̀kẹ́ náà ju bí mo ṣe fẹ́ ẹran ọjọ́ Kérésì lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò kan pẹ́dà. Bàbá mi ṣèlérí fún mi. Ó ní, "Ọjọ́ tó bá kàn án, ìwọ ni wàá gbé mi lọ sódò. Màá jókòó sẹ́yìn bí ọkọ ìyàwó, màá máa jẹ ẹ̀pà." Gbogbo Sátidé ni mò ń wọn ẹsẹ̀. Kí ó tó kan pẹ́dà ni wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Kàdúná láti lọ kàwé. Nígbà tí mo fi padà dé, tí mo ti ga gògòrò bí igi ìbẹ́pẹ, alùpùpù ni bàbá mi ń gùn, oko sì ti kúrò ní àfonífojì wá sí ẹ̀bá títì ọlọ́dà. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀nà yẹn kàn parí láìsọ fún mi ni.

Ẹ wá wo ohun tí ayé dà. Ní Àbújá tí mo ń gbé báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó ń ra kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi, tí wọ́n ń fi wá ọ̀nà olókùúta kiri nínú igbó àti àfonífojì. Ọ̀nà tí a gbààwẹ̀ títí kí ìjọba lè da ọ̀dà sí! Mo bá wọn dá sí i, mo ra tèmi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó di Kàbà.

Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyé ti lọ sinmi lọ́run.

Mo kí i bí a ṣe ń kíni nílé: "Baba, okun o."

"Okun, ọmọ mi. Kí lo gbé bọ̀ yìí?"

"Kẹ̀kẹ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ti kan pẹ́dà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sún un mọ́ òun. Ó fọwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì wá ohun kan tì.

"Káríà rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Baba."

"Gbogbo owó yìí, wọn kò fi ibi ìjókòó ẹnìkejì sí i? Ta ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tí kò léèyàn?"

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó bá mi jó káríà mọ́ ọn. Ó fi ìka lù ú, ó ní kì í ṣe irin, pé tí iná òun bá kàn án, á yọ́ bí ike. Nígbà tí mo padà jíṣẹ́, bàbá mi ní, "Kò burú. Lọ bá mi wo odò yẹn, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀." Ó júwe ọ̀nà fún mi: ní ìdí ìrókò, yà báyìí, ní ìdí àràbà, yà báyìí. Bí mo ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe tẹ̀ lé mi: "Ẹsẹ̀!"

Mo dé inú igbó. Àwọn agégẹdú ti kó ìrókò lọ, wọ́n ti kó àràbà lọ, ọkọ̀ wọn sì ti la ọ̀nà gba ibi tó wù wọ́n. Oríta wa ti ya ẹnu yàgàyàgà, ọ̀nà ń lọ síhìn-ín, ó ń lọ sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi: n kò rí ojú ọ̀nà yìí rí. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo rí, ṣẹ́ẹ̀tì kákí tí òógùn mú, àti igi ọ̀tún, àti igi òsì. Mo tọ ọ̀nà kan, ó já sí oko kaṣú. Mo tọ òmíràn, ìtì igi ló dí i. Mo padà sí oríta, mo sì ń wo ilẹ̀ kiri. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ewé ni mò ń wá.

Bàbá mi kò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé.

"Ṣé odò wà níbẹ̀?"

"Baba, n kò débẹ̀. N kò rí ibi tí wọ́n fi ewé dí."

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ṣáájú rẹ ni." Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi, ó gbé e símú. "Àdín kọ́," ó wí, ó sì fi ara ti àga.

Ọmọ tó ń ké "Aaaa" lórí káríà yẹn kò rí iwájú rí, kò sì ṣìnà rí. Èmi tí mo ń rí iwájú kedere, oríta ni mo ti ṣẹ́rí padà. Ẹsẹ̀ tí mò ń wọn ní gbogbo Sátidé ti gùn tó. Ẹ̀yìn tí mo máa ń wò ni kò sí níwájú mi mọ́.