Eérú Tí Rùfáì Kọ̀

Kí ẹ tó bá Rùfáì wí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́ fún yín. Ọmọ Ìgbòho ni. Bátìrì ọkọ̀ ló ń tún ṣe ní Williamsville, àdúgbò kan nílùú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́ débi pé àwọn onítakisí Adjamé ò mọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń tú bátìrì, ibẹ̀ náà ló ń da omi kíkan inú rẹ̀ sí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbà ẹ̀fọ́ méjì wà: ti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, àti ti Clémentine, aládùúgbò wọn tó wá láti orílẹ̀-èdè Benin.

Wọ́n ti kọ́ Àṣàbí láti kékeré pé eérú ààrò kì í ṣe nǹkan àdànù. Láràárọ̀ ló ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, tí yóò wọ́n ọn sórí ebè. Clémentine rí i, òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1991, Rùfáì ra sítóòfù gáàsì. Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ wá wo ẹni tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn fún! Ó fọ́ ààrò, ó ta gbogbo adìyẹ. Nígbà tí Àṣàbí ní òun á máa tọrọ eérú lọ́wọ́ Clémentine, ó jágbe mọ́ ọn.

"Ìyàwó tèmi, kó máa gbé abọ́ tọrọ eérú kiri bí ará oko? Wọn á ní mi ò lè bọ́ ọ!"

"Bàbá Ràmúlátù, yanrìn ni ilẹ̀ yìí. Kò lágbára fúnra rẹ̀."

Ó ní kó panu mọ́. Láti ọjọ́ náà, Àṣàbí ò fi eérú sí ebè mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ràmúlátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ìgbéyàwó. Ọmọ tó ti ń ka oókà Faransé láti un dé dix, oókan dé ẹ̀wá, ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní òjé, irin olóró, ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn rán Séraphin, onímọ̀ ilẹ̀ kan, wá. Ó bu ilẹ̀, ó já ẹ̀fọ́ nínú ọgbà méjèèjì lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní:

"Tonton, òjé inú ilẹ̀ méjèèjì dọ́gba, inú bátìrì yín ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ Clémentine ò fà á tó bẹ́ẹ̀. Tiyín ló kún fún un."

"Kí ló dé?"

"Eérú ni, àti ìgbẹ́ adìyẹ. Ilẹ̀ tó bá kan bí omi bátìrì yín máa ń tú òjé sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Eérú ń pa kíkan yẹn, ìgbẹ́ ń di òjé mú. Yanrìn nìkan ò lè dì í mú."

Háà! Rùfáì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń retí kí Àṣàbí bú òun. Kò bú u, ìyẹn sì dùn ún ju èébú lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ó kó iṣẹ́ bátìrì kúrò nílé. Láràárọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ a gbé abọ́, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Clémentine, a tọrọ eérú. Lọ́dún kejì, Séraphin tún yẹ ẹ̀fọ́ wò, ó ní òjé inú rẹ̀ ti dín kù gan-an.

Lọ́jọ́ náà, Rùfáì gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ní kó ka un dé dix fún òun. Ọmọ náà ti pé ọdún méje.

"Un, deux, trois..." Èyí tó kàn sọnù lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo ojú bàbá rẹ̀.

"Quatre," ni Rùfáì wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀: "Un..."