Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Kọ̀ǹpútà Màmá Mi

Òórùn pákó tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá ń bọ̀ nílé wa ní Òkè-Ṣọpẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí sọ́dọ̀ wa, eruku igi á bà lé àga, á bà lé ìwé, á sì bà lé láàpútọ́ọ̀pù tí màmá mi máa ń nù láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ti pẹ́ láyé, láàpútọ́ọ̀pù yẹn. Bọ́tìnnì méjì ti yọ lára rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì lè dá dúró mọ́. Bí ṣájà bá ti yọ, ó ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n màmá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí inú rẹ̀ ló kó ohùn àwọn àgbà sí. Ìwọ náà mọ bí Ìjẹ̀bú ẹnu tiwa ṣe rí, Yorùbá ilé ìwé la fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá wá ń gbé fóònù kiri láti Ìlápòrù dé Àwà, ó ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀, àwọn tó ṣì ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò ẹja létí omi ní Ogun Waterside. Ìyá Àgbà ti dolóògbé kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Mo wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè nígbà náà, kẹ́mísírì ni mò ń kà. Mo wálé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo bá màmá níwájú kọ̀ǹpútà náà, kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kọ̀ǹpútà yìí ní kí n jẹ́ kí òun sọ ara òun di tuntun," ló wí. "Mo gbà fún un. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ."

Látìgbà náà, bí a bá tàn án, á ní òun ń dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á kú, á tún jí, á tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo bi màmá bóyá ẹ̀dà àwọn ohùn náà wà níbòmíràn. Ó ní wọ́n ti jí fóònù tóun fi gbà wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láàárín ìlú. Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó mi orí. "Mà, ó ti bàjẹ́. Àfi kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kí n tún un bẹ̀rẹ̀." Màmá pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó gbé e mọ́ àyà. Ìta la dé kó tó wò mí. "Mo ti sin Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "N ò ní sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ padà sílé ìwé, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá, ọmọ Mùsùlùmí láti Orù. Ó ní láàpútọ́ọ̀pù tó dáa, ó sì ní sùúrù jù mí lọ. Kò sí èyí tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà nínú wa, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀wé kà. A ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì rí i pé èèyàn lè kó ètò kékeré kan sínú fílàṣì, kó fi jí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. A ṣe é. Kọ̀ǹpútà náà ò tilẹ̀ wo fílàṣì lójú. A tún un ṣe, pàbó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀rẹ́ mi ló wá rí i kà pé àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í dá fílàṣì mọ̀ bí a bá fi ìlànà tòde òní ṣe é. "Ọ̀nà àtijọ́ ló yé e," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ tá a fẹ́ dán ìyẹn wò, màmá fúnra rẹ̀ wọlé dé pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́, ó lóun ò lè jókòó sílé. Ọ̀rẹ́ mi ki fílàṣì bọ̀ ọ́, ó ní "Bìsìmíláì," ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló mọ́lẹ̀. Mo wá inú rẹ̀ títí mo fi rí fódà tí màmá pè ní Àwọn Àgbà. Mo ṣí ọ̀kan. Ohùn Ìyá Àgbà sì jáde, ó ń bá màmá mi wí ní Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé pé kó gbé fóònù sílẹ̀, kó wá jẹun kí ọbẹ̀ tó tutù. Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

A kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìgbà náà la wá rí ohun tó fa wàhálà: àwọn ohùn náà ti kún inú kọ̀ǹpútà bámúbámú. Nígbà tí iná dá iṣẹ́ náà dúró lójijì, kò rí àyè tẹ̀ síwájú, kò rí àyè padà sẹ́yìn. A palẹ̀ ohun tá ò lò mọ́, a yọ fílàṣì, a tàn án. Ó jí fúnra rẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. A lè fi mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi ti wú. A so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé, a ní kó sọ ara rẹ̀ di tuntun lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwa mẹ́ta jókòó tì í bí ẹni ń dúró de ìkókó. Ó parí, ó ṣí, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá dì mọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó kì í ní oríkì tí kì í ṣe tirẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tá a ń lọ sílé, màmá ní ká yà lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó tan ẹ̀rọ náà síwájú rẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí." Mo fi hàn án. Mo gbọ́ pé bó ṣe ń yọ fáìlì àwọn èèyàn nìyẹn báyìí.

Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, ìbáà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí láàárín ẹbí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mo kọ́kọ́ máa ń bi í bóyá ohun tó wà nínú ilé ló jóná, àbí ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ilẹ̀kùn ló sì máa ń jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà.