Eyín Mẹ́kà Bàbá Fùwàd

Ọkọ mi, Mùhúdíìnì, Bàbá Fùwàd, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Bó bá pàdé ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti lọ sí Mẹ́kà, apá òsì ni yóò fi rẹ́rìn-ín, kí eyín góòlù tó fi ti ọ̀hún bọ̀ lè kọ mànà. Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé abẹ́ góòlù ọ̀hún ti jẹrà. Ẹnu rẹ̀ a máa rùn bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú àpò.

Àdúgbò PK8 là ń gbé ní Douala, ní Kamẹrúùnù, abọ́ tánganran ló ń tà. Ọdún tí la crise, ọ̀dá owó ìlú yẹn, gbóná, tí wọ́n gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ìyàwó ọ̀gá ìjọba ní àdúgbò Bonanjo tó máa ń ra abọ́ jọjọ wá ń bi wá bóyá a lè rà á padà. Ọdún náà ni ibà dá Bàbá Fùwàd dùbúlẹ̀.

Ibà ọ̀hún ò ṣe bí ibà. Ó lo kíníìnì, ibà lọ; lọ́jọ́ kẹta ó padà bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Ó ń gbọ̀n débi pé ibùsùn wa ń rìn kúrò lára ògiri. Ó rù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo tì í sínú takisí, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan, Marguerite, gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó tún un gbọ́, ó fajú ro.

"Papa, ouvrez la bouche."

Bàbá Fùwàd pa ètè dé pinpin, ó ń fimú sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé àyà ló ń dùn mí. Kò sóhun tó ṣe ẹnu."

"Bàbá Fùwàd, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu."

"Ìyá Fùwàd, o ò mọ ìgbà tá a wà ni? Wọ́n ń tú páànù orí ilé tà, o ní kí n yanu tí góòlù wà nínú rẹ̀!"

Mo di imú rẹ̀ mú. Nígbà tí èémí tán, ẹnu là fúnra rẹ̀. Dókítà wò ó, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà là á yé wa: kòkòrò àrùn ti gba ìdí eyín tó jẹrà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbé wọn dé ọkàn, wọ́n sì ń jẹ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ó parí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, eyín náà sì gbọ́dọ̀ kúrò.

"Kí wọ́n máa gún mi títí ọdún á fi yípo," ni Bàbá Fùwàd wí. "Eyín yìí ò kúrò. Kí làwọn èèyàn á wá fi mọ̀ pé mo lọ?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ ìtàn ràkúnmí tó tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ fún gbogbo oníbàárà?"

"Ìtàn ò lè kọ mànà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, eyín ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, tí ojú rẹ̀ ń yí, ó gbà, àmọ́ ó ní kí ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá láti mọ́sáláṣí, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé góòlù jáde lẹ́nu òun, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é nírọ́ lọ́la. Mo sáré lọ pè wọ́n. Àlájì Ṣàmsídéènì ló ṣáájú, nínú agbádá tó gba ẹnu ọ̀nà kan ààbọ̀. Wọ́n tò yí àga oníṣègùn eyín ká. Bí ẹ̀mú ṣe di eyín mú, tó ró kẹ̀kẹ̀, Ṣàmsídéènì ṣubú lulẹ̀ gbìì.

"Ṣé ó rí i kó tó ṣubú?" Bàbá Fùwàd ló ń béèrè, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

"Ó rí i," làwọn méjì yòókù dáhùn.

"Alihamudulilai."

Ohun tó tẹ̀ lé e ò pa mí lẹ́rìn-ín. Eyín kúrò, ibà ò tètè kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò bá mi sọ nǹkan kan. Mo ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, ó ń gbé e mì bí ọmọ tí wọ́n bá wí, èmi sì ń ṣọ́ àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi ọbẹ̀ kàn án lẹ́nu. Ó tọ́ ọ wò, ó fojú wá mi.

"Ìyá Fùwàd, ṣé òkun lo bù sínú ọbẹ̀ yìí ni?"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ó rò pé mo bínú, ló bá ń bẹ̀ mí. Ọdún mọ́kànlá ló tún fi ṣàròyé ọbẹ̀ mi kí Ọlọ́run tó pè é. Mi ò dín iyọ̀ kù rí.