Ẹtù Tí Kámẹ́rà Kò Lè Wò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Ìtàn tí mo mú wá yìí kò ní ẹranko tó ń fọhùn bí èèyàn nínú, kò sì sí ọba kankan níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, Àyúbà ọmọ Fàtímọ̀, pẹ̀lú àbúrò mi Oyèlẹ́yẹ tí gbogbo Ìsẹ́yìn ń pè ní Bàbá Àwáwù, àti kámẹ́rà kan tó ti òkè òkun wá. Ibi tó parí sí kò dára. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà retí ẹ̀rín.

Láti kékeré ni Àyúbà ti máa ń wo nǹkan bí ẹni tó fẹ́ jí i gbé. Bí mo bá ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá, àwọn ọmọ yòókù á máa gbe orin, òun á máa wo ẹnu mi àti ọwọ́ mi. Nígbà tó dàgbà, kò jókòó sídìí òfì bí àwọn ọkùnrin ilé wa. Ó ra kámẹ́rà kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó gbó, rọ́bà ni wọ́n fi so ìdérí bátìrì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù. Kò ní ọ̀gá, kò ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Òun ló ń ro ìtàn rẹ̀, òun ló ń ya á, òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri sórí alùpùpù kiri abúlé. Ó ya àwọn àgbẹ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí ọ̀bọ ń kó àgbàdo wọn. Ó ya adágún orí òkè Adó-Àwáyè nígbà ọyẹ́, tí èéfín omi bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn á jókòó lórí ẹní, wọ́n á rí ara wọn lára ògiri mọ́ṣáláṣí tàbí ti ilé ìwé, wọ́n á pariwo orúkọ ara wọn. Èrè tó ń jẹ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àbúrò mi ní tirẹ̀, ẹtù ló ń hun. Ẹ mọ ẹtù, aṣọ aró dúdú tí ìlà funfun tín-ín-rín kún ara rẹ̀, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tí kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ́. Èmi ni mo máa ń ran òwú rẹ̀ fún un nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìka ló fi ń wá ìlà, kì í ṣe ojú mọ́. Bó bá bi wá pé ṣé aṣọ òun ṣì dára, a ó ní ó dára, á sì mi orí bí ẹni tí wọ́n parọ́ fún.

Lọ́jọ́ kan tí Àyúbà jókòó tì í nídìí òfì, ó ní, "Ọmọ Fàtímọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo yín lẹ̀ ń tù mí nínú. Bí mo bá lè fi ojú ara mi rí i pé ìlà aṣọ yìí tọ́, n ó máa hun lọ. Bí kò bá tọ́, n ó fi òfì sílẹ̀. N kò ní ta aṣọ wíwọ́ fún ọmọ èèyàn."

Àyúbà ní, "Bàbá, n ó ya á. N ó jù ú sára ògiri, á tóbi bí ilé. Bó ti wù kí ojú yín ṣú tó, ẹ ó rí ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bí ilé? Ta ló máa wá rán an? Ta ló sì máa wọ̀ ọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Àyúbà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ògiri mi ńkọ́?"

Ìfẹ́ bàbá yìí ló kó Àyúbà sí wàhálà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú fóònù, Akínkúnlé lorúkọ rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ń tẹ́tí sí i. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti àwọn tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú ọkọ̀. Á gbé kámẹ́rà tuntun sókè, á ní, "Ẹ̀yin ará mi, bẹ́ ẹ bá ṣì ń lo tàtijọ́, ẹ kàn ń fi ìgbésí ayé yín ṣòfò ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ń rí ohun tí ojú èèyàn kò rí." Á wá fi ìpéǹpéjú ọmọbìnrin kan hàn wá, àti ilé onígíláàsì, àti mọ́tò tó ń dán.

Mo bi Àyúbà pé, "Ṣebí tọwọ́ rẹ náà ń ríran?"

"Màmá, bí mo bá fẹ̀ ẹ́ tó bí ilé, á ṣú díẹ̀. Ti Bàbá gbọ́dọ̀ mọ́ kedere."

Ó ta kámẹ́rà onírọ́bà, ó ta alùpùpù, ó ra èyí tí Akínkúnlé ń polówó. Ọjọ́ tó dé, ó gbé e wọlé bí ẹyin. Ó ya Bàbá nídìí òfì títí aṣọ fi parí, ó sì ya á nígbà tó fi aṣọ náà bo àyà.

Mò ń bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ tó tú u sínú kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ tó ní "Háà!", mo sáré wọlé. Aṣọ náà ń rìn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tún un sọ. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, iṣan ọwọ́ rẹ̀ hàn, eruku etí rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìlà ẹtù ń ṣàn bí omi, ó ń yí po bí ìjàlọ tí ẹsẹ̀ tú ká, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tí ẹnikẹ́ni kò rẹ sí i ń tàn, ó ń kú.

Àyúbà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tó ti wádìí. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lójú kámẹ́rà àtijọ́ tó máa ń dẹ ìríran rẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ti yọ ọ́ kúrò nínú tuntun, kí wọ́n lè máa fọ́nnu pé tiwọn mú jù. Bí ìlà bá wá tín-ín-rín, tó sún mọ́ra, ojú ẹ̀rọ náà á dàrú. Àyúbà sún mọ́ aṣọ, aṣọ fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ péré ló kù nínú àwòrán. Ó jìnnà sí i, aṣọ tún fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ó di aró lásán. Ibi tí èèyàn máa ń dúró sí wo aṣọ lọ́rùn ọmọnìkejì rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ló ti ń ya wèrè. Ó fi fóònù gbìyànjú. Nígbà tó fẹ̀ ẹ́ tán, ó rí bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀.

Ó kọ̀wé sí Akínkúnlé lábẹ́ fídíò rẹ̀. Èsì dé, ó kà á fún èmi àti Fàtímọ̀: "Bọ̀dá mi, ẹ wọ aṣọ tí kò ní ìlà fún bàbá jàre. Ṣé aṣọ tán nílùú yín ni?" Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá dà bò ó. Ọ̀kan ní, "Ará oko ra kámẹ́rà, kò mọ̀ ọ́n lò." Òmíràn ní, "Ẹ lọ máa ya ewúrẹ́, ewúrẹ́ ò ní ìlà."

Fàtímọ̀ bínú. "Ọmọ yìí tó ń yọ ṣùtì sí ọ, ṣé owó rẹ̀ ló fi ra tirẹ̀ ni?"

Àyúbà ní, "Wọ́n fún un ni, Màámi. Bó bá polówó rẹ̀ tán, wọ́n á tún gbé òmíràn fún un."

"O mọ ìyẹn, o ta alùpùpù?"

"Ẹ̀yìn ìgbà tí mo rà á ni mo mọ̀."

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe kámẹ́rà fúnra wọn. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó yan tiwọn, ó ní kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn tó sún mọ́ ọn jù lọ. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ, òkun wà láàárín.

Ó wá wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, lọ́dọ̀ Màríámù tó ra kámẹ́rà onírọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, láti bẹ̀ ẹ́ kó yá òun lò. Màríámù gbé e jáde nínú ọ̀rá. "Bọ̀dá Àyúbà, ẹ má bínú. Òjò pa á níbi yìgì kan ní Àgọ́-Àrẹ. Kò tan mọ́." Àyúbà gbé e lé itan, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Màríámù ní òun kàn lọ bu omi wá fún un.

Lẹ́yìn èyí, bí Àyúbà bá rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, á gba ẹ̀yìnkùlé. Bàbá kò sì jẹ́ kó sá pẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kan, Àwáwù ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá sílé wa.

"Ọmọ Fàtímọ̀, ṣé o fẹ́ kí ojú mi kú tán kí o tó fi hàn mí ni?"

Fàtímọ̀ fa Àyúbà sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Fi hàn án. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò ní mọ ìyàtọ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ẹní bo fèrèsé, tí Àyúbà sì tan ẹ̀rọ.

Bàbá sún mọ́ ògiri. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú.

"Ta ló hun èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́." Ó na ọwọ́, ó ń fi ìka wá ìlà lára ògiri. "Kò dúró. Kò sí ìlà kan tó dúró níbẹ̀."

"Bàbá, kámẹ́rà ló bà á jẹ́. Aṣọ yín tọ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kámẹ́rà wo? Ṣé èyí tó rí irun imú mi? Mo rí irun imú mi níbẹ̀, ọmọ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó okùn ewúrẹ́! Ẹ̀rọ tó rí irun imú mi ni kò ní rí aṣọ tó wà láyà mi?"

Mo mú aṣọ náà, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Oyèlẹ́yẹ, fọwọ́ kàn án. Ṣé ìka rẹ kò mọ̀ ọ́n ni?"

Ó fọwọ́ pa á lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìka mi ló ti ń tàn mí jẹ láti ọjọ́ yìí."

Kí ọjọ́ kejì tó kan, ó ti ní kí Àwáwù gé òwú tó wà lórí òfì. Àwáwù sunkún, ó gé e. Bàbá ń jókòó síwájú ilé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí itan, kò sì sí òwú níbẹ̀. Àyúbà ti gbé kámẹ́rà sínú páálí rẹ̀. Alùpùpù ẹlòmíràn ló ń gùn, ó ń fi gbé èèyàn lọ sóko. Ní ìjẹta, mo bá a tó ń wo fóònù. Akínkúnlé ti gbé òmíràn sókè. Ó ní ti àtẹ̀yìnwá yẹn kò tiẹ̀ lè wo aṣọ onílà, pé èyí ló tún un ṣe. Àyúbà wò ó dé òpin, ó dojú fóònù bolẹ̀. Kò bú u. Ì bá tiẹ̀ bú u, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni ẹtù náà wà. Mo máa ń sá a sóòrùn níwájú ilé àbúrò mi, níbi tó ti lè gbọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, mo máa ń dá a dúró, "Jọ̀ọ́, wò ó, ṣé ìlà rẹ̀ wọ́?" Wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á wò ó dáadáa, wọ́n á ní, "Ó tọ́ o, Ìyá. Ó tọ́ gbọnrangandan."

Bàbá á yí ojú rẹ̀ tó ti ṣú sí ọ̀dọ̀ wa. Á sọ fún Àwáwù, kò ní rọra sọ ọ́, pé, "Ẹ̀gbọ́n ti tún bẹ ìyẹn náà kó wá tù mí nínú."